Ẹni tó wà lẹ́yìn dátà yín

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọnú iṣẹ́ ìwádìí, wọ́n á kọ́ yín bí a ṣe ń to ìbéèrè àti bí a ṣe ń ṣírò èsì. Ẹ fi ìgbatẹnirò kún un, nítorí ara iṣẹ́ náà ni.

Ẹni tó bá rò pé kí àkọsílẹ̀ òun ṣáà ti péye, kó lọ ka ìtàn Tuskegee ní Alabama, Amẹ́ríkà. Láti 1932 títí di 1972, àwọn òṣìṣẹ́ ètò ìlera ìjọba ń wo ọkùnrin aláwọ̀ dúdú 399 tó ní àrùn syphilis, wọn kò sì sọ orúkọ àìsàn náà fún wọn. Kódà nígbà tí penisílínì ti di oògùn rẹ̀, wọ́n fi dù wọ́n. Wọ́n ń kọ àkọsílẹ̀, wọ́n tilẹ̀ ń tẹ̀ ẹ́ jáde fún àwọn dókítà kà.

Irú ìtàn bẹ́ẹ̀ wà lára ohun tó bí fọ́ọ̀mù ìfọwọ́sí tí a ń lò lónìí, èyí tí èèyàn fi ń gbà láti kópa nínú ìwádìí. Ó wúlò, àmọ́ fọ́ọ̀mù kò lè mọ ìgbà tí ohùn ìyá tí ọmọ rẹ̀ kú bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Ẹ̀yin lẹ máa mọ̀. Ẹ pa ẹ̀rọ agbóhùnsílẹ̀, kí ẹ dákẹ́. Bó bá ní kí ẹ má lo ọ̀rọ̀ òun mọ́, ẹ má bi í nídìí. Ẹ kàn kọ ọ́ sínú iṣẹ́ yín pé ẹnì kan yọwọ́. Ẹni tí ẹ bá sì ń kán lójú, ohun tí ẹ fẹ́ gbọ́ ni yóò sọ, kí ẹ lè tètè máa lọ.

Àwọn èèyàn San ní Gúúsù Áfíríkà, tí àwọn onímọ̀ ti ń wádìí wọn kí wọ́n tó bí wa, gbé ìlànà ìwádìí tiwọn jáde ní 2017. Wọ́n ka kí olùwádìí ṣèlérí èsì kó má mú un wá sí àrífín. Nítorí náà, owó àti àkókò tí ẹ máa fi mú èsì padà lọ bá àwọn tó dá yín lóhùn, ní èdè tí wọ́n gbọ́, ẹ fi í sínú ètò yín látìbẹ̀rẹ̀.

A sì máa ń gbàgbé ẹni tó ń da ohùn kọ sínú ìwé. Bí ẹnì kan bá sọ ìtàn ìfipábánilòpọ̀ fún yín, ẹ̀ẹ̀kan lẹ máa gbọ́ ọ. Ẹni tó ń kọ ọ́ sínú ìwé á dá a padà síbi gbólóhùn kan ṣoṣo, á tún un gbọ́, títí yóò fi dá gbogbo ọ̀rọ̀ mọ̀. Ẹ sọ ohun tó wà níbẹ̀ fún un kó tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ má kó irú rẹ̀ jọ lé e lórí lọ́jọ́ kan náà. Bí owó ìpàdé bá sì lè wà nínú ètò ìnáwó yín, ó yẹ kí owó wà fún ẹni tó máa bá a sọ̀rọ̀ lẹ́yìn iṣẹ́.