Nígbà tí wọ́n bá ní kí ẹ dá ọkọ̀ padà nítorí sprocket tàbí bẹ́líìtì: ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ lórí alùpùpù ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta

Bí ìròyìn bá tàn pé ilé-iṣẹ́ kan ti ń pe alùpùpù ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta padà nítorí ẹ̀yà tó ń yí táyà ẹ̀yìn, bíi bẹ́líìtì tàbí sprocket (irin róbótó eléyín tó ń fa bẹ́líìtì), ohun tí ọ̀pọ̀ olówó ọkọ̀ máa ń kọ́kọ́ bèèrè ni pé ìgbà wo ni wọn yóò fún àwọn ní tuntun. Ìbéèrè tó yẹ kó ṣáájú ni irú ìwé tí ilé-iṣẹ́ náà gbé jáde. Ìpèpadà wà, ìwé ìtọ́ni fún mẹkáníìkì náà wà, méjèèjì ò sì dọ́gba rárá.

Ní Amẹ́ríkà, ìpèpadà tòótọ́ ní nọ́ńbà tí NHTSA fún un, ìyẹn àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń mójú tó ààbò ọkọ̀ lójú pópó. Nọ́ńbà méjì tó kẹ́yìn nínú ọdún ló máa ń ṣáájú, lẹ́tà V á tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ni àwọn nọ́ńbà yòókù. Ìtọ́ni fún mẹkáníìkì kò ní irú nọ́ńbà bẹ́ẹ̀. Ṣe ló kàn ń sọ fún wọn pé ìṣòro báyìí báyìí wà, báyìí sì ni kí ẹ ṣe tún un ṣe. Tí wáráńtì bá ti parí, kò sí òfin tó ní kí ẹnikẹ́ni ṣe iṣẹ́ inú rẹ̀ fún yín lọ́fẹ̀ẹ́. Èyí tó pọ̀ jù nínú ìjà tó ń wáyé níwájú tábìlì àwọn dílà (àwọn tí ilé-iṣẹ́ fún láṣẹ láti tà á kí wọ́n sì tún un ṣe), àìmọ ìyàtọ̀ yìí ló ń fà á. Ẹ mọ èyí tó wà lọ́wọ́ yín kí ẹ tó jáde nílé.

Ọ̀nà tó yá jù láti mọ̀ ni VIN, nọ́ńbà ìdánimọ̀ ọkọ̀. Àmì 17 ló jẹ́, ó wà lára férémù, ó sì wà nínú ìwé ọkọ̀ àti ìwé ìbánigbófò. Kò sí lẹ́tà I, O tàbí Q nínú rẹ̀, nítorí náà ohun tó bá jọ O, òdo ni. Ẹ tẹ̀ ẹ́ sí nhtsa.gov/recalls. Ìpèpadà tí wọn ò tíì tún ṣe lára ọkọ̀ yín gan-an ni yóò jáde. Ṣùgbọ́n ẹ má fi èsì òfìfo balẹ̀ ọkàn tán. Ilé-iṣẹ́ tí kò ṣe tó 5,000 alùpùpù lọ́dún kò pọn dandan kó fi VIN sórí ojú ìwé yìí, bẹ́ẹ̀ ni ìpèpadà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde lè má tíì ní àkójọ VIN rẹ̀ níbẹ̀. Ẹ pe dílà pẹ̀lú, kí ẹ sì tún yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀.

Lẹ́tà máa ń wá nílé. Láàárín ọjọ́ 60 tí ilé-iṣẹ́ bá ti fi àbùkù náà tó NHTSA létí ni òfin ní kó fi ránṣẹ́. Nígbà míì, lẹ́tà méjì ló máa ń wá: àkọ́kọ́ láti kìlọ̀ pé ewu wà ṣùgbọ́n ẹ̀yà tuntun ò tíì sí, èkejì láti sọ pé ó ti dé. Orúkọ àti àdírẹ́sì tó wà nínú ìwé ìforúkọsílẹ̀ ọkọ̀ ni wọ́n ń lò, torí náà ẹni tó ra tòkunbọ̀, tàbí tó kó kúrò níbi tó ń gbé, lè má rí i láéláé. Kí ẹ ní kí dílà fi orúkọ yín rọ́pò ti ẹni tó tà á fún yín nínú kọ̀ǹpútà ilé-iṣẹ́, iṣẹ́ ìṣẹ́jú díẹ̀ ni.

Ẹ jẹ́ ká wá bọ́ sára irin. Can-Am Spyder àti Polaris Slingshot, bẹ́líìtì ló ń yí táyà ẹ̀yìn kan ṣoṣo tí wọ́n ní. Harley-Davidson Tri Glide náà ní bẹ́líìtì, àmọ́ táyà méjì ló wà lẹ́yìn rẹ̀. Can-Am Ryker kò ní bẹ́líìtì lọ sẹ́yìn, ṣáàfù (ọ̀pá irin tó ń yí) ló ń lò. Ohun tí ẹ ó máa ṣọ́ yàtọ̀ láti orí ọ̀kan sí èkejì. Ti oníbẹ́líìtì ni mò ń sọ níhìn-ín, torí òun ló ń da olówó ọkọ̀ láàmú jù.

Agbára máa ń jáde láti inú gíàbọ́ọ̀sì lórí ṣáàfù kékeré kan. Eyín wà yí ṣáàfù náà ká, eyín wà nínú ihò sprocket iwájú, àwọn méjèèjì á wọnú ara wọn, bóòtì kan á sì dè wọ́n pọ̀. Agbára tó ń ti gbogbo ìwọ̀n ọkọ̀, tó lè lé ní 450 kílò lára àwọn ńlá tí wọ́n fi ń rìnrìn-àjò, láìka ẹni tó gùn ún àti ẹrù, orí eyín wọ̀nyẹn ló ń gbà kọjá ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá fún un níná tàbí tí ẹ bá dẹwọ́. Tí àyè díẹ̀ bá wà láàárín eyín méjèèjì, tí ibẹ̀ sì gbẹ, irin á máa yún irin díẹ̀díẹ̀. Lúbúlúbú tó bá yún á dógùn-ún, á di ìyẹ̀fun pupa rúsúrúsú. Ìyẹ̀fun yẹn tún ń ha irin bí yanrìn, ìdí nìyẹn tí ìṣòro náà fi ń yára sí i bó bá ti bẹ̀rẹ̀. Eyín á tẹ́ẹ́rẹ́, á mú ṣóńṣó, títí ṣáàfù yóò fi máa yí lásán nínú sprocket.

Lọ́jọ́ tó bá já, ẹ́ńjìnnì á máa ké, ọkọ̀ ò ní lọ. Búréèkì á ṣì mú. Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í rò ni pé jíà ò ní lè di ọkọ̀ mú mọ́ lórí òkè, torí kò sí ohun tó so ẹ́ńjìnnì mọ́ táyà. Ìgbà tí ẹ bá ti gbọ́ pé sprocket wà nínú ìpèpadà, ẹ fa búréèkì ìdúró ní gbogbo ibi tí ẹ bá gbé e kalẹ̀ sí, kódà lórí ilẹ̀ títẹ́jú.

Àyẹ̀wò tí olówó ọkọ̀ lè fúnra rẹ̀ ṣe kò le. Ẹ pa ẹ́ńjìnnì kó tutù, orí ilẹ̀ títẹ́jú, kí ẹ fi ìdènà sí iwájú àti ẹ̀yìn táyà iwájú, kí ẹ fi àyè díẹ̀ sílẹ̀ kí ọkọ̀ lè mira. Ọkọ̀ tí wọ́n ń fi ẹsẹ̀ yí jíà rẹ̀, ẹ fi sí jíà kìíní, kí ẹ tú búréèkì ìdúró, kí ẹ wá ti ọkọ̀ síwá sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀ nígbà tí ẹlòmíì ń wo sprocket iwájú. Tí sprocket bá ń mira ṣùgbọ́n tí orí ṣáàfù dúró jẹ́ẹ́, eyín ti jẹ. Ìró “kọ̀” tí ẹ ń gbọ́ bí ẹ bá ń fún un níná tí ẹ tún ń dẹwọ́ náà jẹ́ àmì. Ìyẹ̀fun pupa nìkan kò tó láti dá a lẹ́jọ́. Ẹ fi aṣọ funfun nù ún kúrò, kí ẹ wò ó lẹ́ẹ̀kan sí i lẹ́yìn nǹkan bí 500 kìlómítà. Tó bá tún kún padà, tí ìmira sì wà, ẹ má gùn ún mọ́. Ẹ ya fọ́tò kí ẹ tó nù ún o.

Bẹ́líìtì ní tiẹ̀, ẹ máa yí táyà lọ́wọ́ kí ẹ lè rí gbogbo ara rẹ̀. Eyín kan ṣoṣo tó bá já, ó ti tó pààrọ̀ nìyẹn. Òwú tó bá yọ létí, ìlà tó là ní ẹsẹ̀ eyín, ihò tí òkúta dá: ẹ fi han mẹkáníìkì kó sọ bóyá ó ti tó pààrọ̀. Ẹ má ta epo sí i, ẹ má fi gírísì pa á. Omi àti ọṣẹ tí kò le ló tó. Òwú tó wà nínú rẹ̀ ló ń ru ẹrù, àmọ́ ó kórìíra kí wọ́n ká a, kí wọ́n lọ́ ọ, tàbí kí wọ́n yí inú rẹ̀ síta. Òwú á ti já nínú, ẹnikẹ́ni ò sì ní rí i láti òde. Nítorí náà, bí mẹkáníìkì bá ní òun fi irin gbá bẹ́líìtì wọlé sórí sprocket tuntun, ẹ ní kó fi bẹ́líìtì mìíràn sí i.

Tí lẹ́tà bá sọ pé kí ẹ má gùn ún, ẹ má gùn ún lọ sọ́dọ̀ dílà pàápàá. Orí ọkọ̀ agbọ́kọ̀ tó ní pẹpẹ ni kí wọ́n gbé gbogbo táyà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sí; wíwọ́ ọ pẹ̀lú táyà ẹ̀yìn nílẹ̀ lè ba gíàbọ́ọ̀sì jẹ́. Ẹ bi ilé-iṣẹ́ bóyá wọn yóò san owó gbígbé e kí ẹ tó pe agbọ́kọ̀, kí ẹ sì gba ìdáhùn náà ní kíkọ.

Kí ẹ tó mú un lọ, ẹ pe dílà pẹ̀lú VIN lọ́wọ́. Ṣé ẹ̀yà náà wà nílẹ̀? Ṣé sprocket nìkan ni, àbí òun àti bóòtì rẹ̀? Ta ni yóò ṣe é? Iṣẹ́ yìí kò fẹ́ ìwàǹwára. Eyín ṣáàfù gbọ́dọ̀ mọ́ kí wọ́n fi ìpara tí ìwé ìtọ́ni dárúkọ sí i, bóòtì tuntun ni kó wọlé, torque wrench (sípánà tó ń wọn bí bóòtì ṣe le tó) ni kí wọ́n fi dè é dé ìwọ̀n tí ilé-iṣẹ́ kọ sílẹ̀. Ìbọn tó ń fi afẹ́fẹ́ de bóòtì kò mọ ìwọ̀n. Lẹ́yìn náà ni wọn yóò wọn bí bẹ́líìtì ṣe fún tó, wọn yóò sì rí i pé ó dúró sí àárín lórí sprocket ẹ̀yìn. Ẹ ní kí wọ́n fi ọ̀dà fa ìlà láti orí bóòtì bọ́ sára sprocket. Tí ìlà náà bá yẹ̀, bóòtì ti ń tú.

Ọ̀rọ̀ owó: wáráńtì tó ti parí ò kan ìpèpadà, bẹ́ẹ̀ ni kò kan bóyá ẹ̀yin ni ẹni kìíní tàbí ẹni kẹrin tó ni ín. Ọ̀fẹ́ ni, bí kò bá tíì ju ọdún 15 lọ láti ìgbà tí ẹni àkọ́kọ́ ti rà á títí di ìgbà tí wọ́n kéde ìpèpadà. Táyà tó ti jẹ tàbí bearing (ohun tó ń jẹ́ kí ṣáàfù yí geere) tó ń ké kò sí lára rẹ̀, àfi tí lẹ́tà bá dárúkọ wọn. Tí ẹ bá ti fi owó ara yín pààrọ̀ ẹ̀yà yẹn kí wọ́n tó kéde, ẹ lè gba owó padà. Rìsíìtì tó dárúkọ ẹ̀yà náà, VIN àti iye tí ẹ san ni wọn yóò bèèrè, lẹ́tà yóò sì sọ ọjọ́ tó máa parí. Tí ẹ bá gbé ọkọ̀ dé, tí ọjọ́ 60 sì kọjá láìsí àtúnṣe tó péye, òfin ti ka ìyẹn sí ìdádúró tó pọ̀ jù, ẹ sì lè máa bèèrè ọkọ̀ mìíràn tàbí owó. Ẹ pe ilé-iṣẹ́, ẹ gba nọ́ńbà ẹjọ́ yín, kí ẹ sì fi tó NHTSA létí ní 888-327-4236.

Ẹ ya fọ́tò ẹ̀yà àtijọ́ lọ́dọ̀ mẹkáníìkì, torí ó ṣeé ṣe kí ilé-iṣẹ́ gbà á padà. Ìwé iṣẹ́ tí ẹ máa gbà kúrò níbẹ̀ gbọ́dọ̀ ní nọ́ńbà ìpèpadà, VIN, kìlómítà tó wà lára ọkọ̀, nọ́ńbà ẹ̀yà tuntun, àti ọjọ́. Ìwé tó kàn kọ “a ti ṣe ìpèpadà” kò tó.

Ní 100 kìlómítà àkọ́kọ́, ẹ máa fetí sílẹ̀. Bí bẹ́líìtì bá ń dún bí ẹyẹ, ó ń fara nu etí sprocket, kò sí láàárín. Bó bá ń kùn láìdákẹ́, ó ti le jù, bearing ṣáàfù ló sì máa san gbèsè rẹ̀. Bó bá ń gbá ara kiri, ó dẹ̀ jù. Iná ABS (ètò tí kì í jẹ́ kí táyà há nígbà tí ẹ bá tẹ búréèkì) tó bá tàn lẹ́yìn tí wọ́n tú táyà ẹ̀yìn, wáyà sẹ́ńsọ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ wò, ó lè ti fún mọ́ ibì kan tàbí kí wọ́n gbàgbé láti so ó padà.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì kan, ẹ tún VIN tẹ̀ sí ojú ìwé NHTSA. Tí ìpèpadà náà bá ṣì ń jáde bí èyí tí wọn ò ṣe, dílà ò tíì fi iṣẹ́ náà ránṣẹ́ sí ilé-iṣẹ́. Ẹ mú ìwé iṣẹ́ yín padà lọ bá a kó fi ránṣẹ́ lójú yín.