Ọdún Tí Mo Kàwé Lórí Òkun

Ẹ̀yin tí ẹ máa ń ka àyẹ̀wò ọdún mi ti ń retí ìròyìn oko kajú Bàbá àti ti ẹjọ́ ilẹ̀ ẹ̀yìnkùlé. Gbogbo rẹ̀ wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ n fò ó. Ọkọ̀ òkun ló gba ọdún yìí lọ́wọ́ mi.

Ẹ bá mi dúpẹ́, Semester at Sea tí mo sọ fún yín lọ́jọ́sí, ètò yunifásítì tí a ti ń kàwé nínú ọkọ̀ òkun láti ìlú dé ìlú, gbà mí, wọ́n sì dín owó kù fún mi. Ètò náà ti pẹ́: ọdún 1963 ni wọ́n kọ́kọ́ gbéra, University of the Seven Seas ni wọ́n ń pè é nígbà náà. Colorado State University ló ń fún wa ní máàkì báyìí. Jámánì ni wọ́n ti kan World Odyssey tí a wọ̀, ní 1998. Bí a bá wà lójú omi, kíláàsì ni ṣáá, a kì í wo ti Sátidé tàbí Sọ́ńdè. Bí a bá gúnlẹ̀, kò sí kíláàsì mọ́. Ìlú tí a dé ni ìwé. Ọkọ̀ kì í sì í dúró de ẹnikẹ́ni. Ẹni tó bá pẹ́, òun ni yóò wá bí yóò ṣe bá wa ní èbúté tó kàn.

Omi tó tóbi jù tí mo ti rí rí ni ibi tí Ọya àti Bẹ́núè ti pàdé ní Lọ́kọ́ja. Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, bíírò ń yí kúrò lórí tábìlì, olùkọ́ di ògiri mú, ó ń bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ. Ápù tútù aláwọ̀ ewé àti bísíkítì ni wọ́n fi gbà wá lọ́wọ́ èébì.

Lẹ́yìn tí a kúrò ní Kochi, ní Íńdíà, ni ìròyìn dé. Íntánẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ ń já, gbólóhùn kan péré ti ẹ̀gbọ́n mi ló wọlé: "Pe ilé." Mo ti mọ̀ kí n tó pè. Ìyá Àgbà ti lọ. Mo fa kíjìpá tó hun fún mi bo orí. Ẹ̀yin tí ẹ ti jẹ iyán rẹ̀ mọ ohun tí a pàdánù, ẹ má jẹ̀ẹ́ n kọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Kò pẹ́ sígbà náà la sọdá agbedeméjì ayé. Àwọn atukọ̀ ń ṣe ọdún fún ẹni tó bá ń sọdá níbẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́, Neptune Day ni wọ́n ń pè é. Ìlù àti fèrè ló jí wa. Wọ́n da omi olóòórùn ẹja lé wa lórí, a fẹnu ko ẹja lẹ́nu, ẹni tó bá wù sì fárí. Mo jókòó, mo ní kí wọ́n fá tèmi. Ọmọbìnrin tó mú ẹ̀rọ ìgẹrun lọ́wọ́ béèrè lẹ́ẹ̀mejì bóyá ó dá mi lójú. N kò sọ fún un pé nílé wa, a máa ń fárí fún òkú ẹni. Irun náà bọ́ sórí pákó, afẹ́fẹ́ gbá a lọ. Ìdáhùn nìyẹn fún ẹ̀yin tí ẹ ti ń béèrè irun mi láti ìgbà náà. Àbúrò mi ní Olókun ló fi gba owó ibodè.

Ní Cape Town, a wọ ọkọ̀ lọ sí Robben Island, níbi tí Mandela ti lo 18 nínú ọdún 27 tó fi wà lẹ́wọ̀n. Lẹ́yìn náà la dé Tema, ní Gánà, ọ̀sẹ̀ tí wọ́n ń sin Ìyá Àgbà ní Kàbà gan-an. Tógò àti Bẹ̀nẹ̀ ló wà láàárín èmi àti ilẹ̀ wa! Bàbá ló pè mí kí n tó dì ẹrù: "Ìyá mi ni. Ó sì ti kìlọ̀ fún mi pé kí n má jẹ̀ẹ́ kí o torí òun pa ìwé tì." Mo dúró. Lọ́jọ́ kejì wọ́n mú wa lọ sí Elmina, ilé olódi tí àwọn Potogí kọ́ ní 1482. Nínú yàrá tí wọ́n ń há àwọn obìnrin tí wọ́n kó lẹ́rú mọ́, ẹkún tí n kò sun láti ọjọ́ yìí wá dé. Obìnrin ará Gánà tó ń mú wa yíká kò bi mí ní nǹkan kan, ó kàn di ọwọ́ mi mú títí a fi jáde.

Kàbà ni mo wà báyìí. Òfì Ìyá Àgbà ṣì wà lára ògiri pẹ̀lú aṣọ tó dá sí i lórí, ìyàwó Bàbá Kékeré sì ti gbà láti kọ́ mi kí n lè hun ìyókù. Ìwé mi ku díẹ̀. Ti físà, ẹ máa bá mi gbàdúrà sí i. Ẹ̀yin tí ẹ dáwó, pàápàá àwọn ìyá ìjọ wa, Ọlọ́run yóò san án fún yín. Bí ẹ bá ń gba Kàbà kọjá, ẹ yà sílé. Fọ́tò pọ̀, Bàbá kò sì jẹ́ kí àlejò kankan lọ láìwò wọ́n tán.