Ọ̀fẹ́ tó ń béèrè káàdì

Bí nǹkan bá jẹ́ ọ̀fẹ́ lóòótọ́, kí ló fẹ́ fi nọ́ńbà káàdì mi ṣe? Ohun tí mo máa ń bi àwọn ọmọ tó ń wá tẹ CV ní ṣọ́ọ̀bù mi lẹ́bàá FUTA nìyẹn.

Àwọn ibi tí wọ́n ti ń ṣe CV lórí íntánẹ́ẹ̀tì mọ ọgbọ́n o. Wọ́n á ní ọ̀fẹ́ ni, wọ́n á jẹ́ kí ẹ jókòó kọ gbogbo ẹ̀ tán: ilé ìwé, ibi tí ẹ ti ṣe IT, orúkọ ẹni tó lè jẹ́rìí yín. Ìgbà tó bá ku kí ẹ wà á jáde ni wọ́n á tó béèrè dọ́là méjì tàbí mẹ́ta. Bí olóúnjẹ tó jẹ́ kí ẹ jẹ iyán tán kó tó sọ iye ẹran.

Agùnbánirọ̀ kan na fóònù sí mi pé kí n bá òun wò ó. Mo fi ìka méjì fẹ ojú ẹ̀. Lábẹ́ bọ́tìnì ńlá aláwọ̀ ewé yẹn, lẹ́tà eérú tín-ín-tìn-ín kan wà níbẹ̀: lẹ́yìn ọjọ́ 14, wọ́n á máa yọ ohun tó lé ní dọ́là 20 ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin-mẹ́rin. Wọn ò sọ pé oṣooṣù o. Ẹ ṣírò ẹ̀, ìgbà 13 nìyẹn lọ́dún!

"Àǹtí, mi ò rí i rárá."

Wọn ò kúkú fẹ́ kó rí i. Word la fi tún CV náà tẹ̀.

Ẹni tó bá ti wọ̀ ọ́ ńkọ́? Bó bá jẹ́ orí ìkànnì wọn lẹ ti fi káàdì san án, inú àkáǹtì yín níbẹ̀ ni kí ẹ ti fagi lé e. Bó bá jẹ́ inú áàpù Android lẹ ti gbà á, yíyọ áàpù kúrò lórí fóònù ò dá nǹkan kan dúró, torí àkáǹtì Google yín ló so mọ́. Ẹ wọ Play Store, ẹ tẹ àwòrán yín lókè, ẹ wá Payments & subscriptions, kí ẹ fagi lé e níbẹ̀. Lórí iPhone, inú Settings ni, lábẹ́ orúkọ yín. Ọjọ́ tí ẹ bá gbà á gan-an ni kí ẹ ti fagi lé e. Lọ́pọ̀ ìgbà, wọ́n á ṣì jẹ́ kí ẹ lo ọjọ́ tó kù fún yín pé.

Àwọn ọmọ ìwòyí á ní káàdì dọ́là orí fóònù làwọn ń lò, pé kò sí kọ́bọ̀ nínú ẹ̀. Ó dáa díẹ̀. Àmọ́ àwọn kan nínú àwọn tó ń ṣe káàdì yẹn máa ń gba owó ìtanràn nígbà tí àwọn oní-CV bá wá yọ owó tí wọn ò bá a, bó bá sì ti ń ṣẹlẹ̀ léraléra, wọ́n á ti káàdì náà pa.

Bí owó bá ti lọ, ẹ ya àwòrán ibi tí ẹ ti fagi lé e, ẹ tẹ alẹ́ẹ̀tì náà sórí bébà, kí ẹ tó gba báǹkì lọ. Ẹ tètè dé Alágbàká, níbi tí àwọn báǹkì wà l'Ákùrẹ́, láàárọ̀.