Àfọ́kù bakitéríà kì í hù, àmọ́ ó ń jà

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ iṣẹ́ ìwádìí oríkèé wíwú, ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tó jẹ mí lógún jù. Bí ẹ bá fa omi oríkèé aláìsàn, tí ẹ gbìn ín ní láàbù, tí nǹkan kan ò hù, ẹ má tíì dá bakitéríà láre. Èyí tó wà láàyè nìkan ló ń hù. Àfọ́kù ara rẹ̀ lè wà níbẹ̀.

Ẹ wo àrùn Lyme tí eégbọn ń gbé wọ ara. Lọ́dún 2019, àwọn olùwádìí ní Amẹ́ríkà rí peptidoglycan, ìyẹn èròjà ògiri ara Borrelia burgdorferi (bakitéríà tó ń fa àrùn náà), nínú omi oríkèé àwọn aláìsàn tí wọ́n ti lo oògùn apakòkòrò tán. Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ti rí èròjà Yersinia, bakitéríà kan tó ń da inú rú, nínú oríkèé tó wú lẹ́yìn inú rírun.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni ti eku. Wọ́n gún un ní abẹ́rẹ́ ògiri ara bakitéríà streptococcus lásán, ẹ̀ẹ̀kan péré, sínú ikùn. Kò sí bakitéríà alààyè kankan níbẹ̀, síbẹ̀ oríkèé wú, ó rọlẹ̀, ó tún wú. Ara kì í tètè rí ògiri yẹn fọ́ túútúú. Bí àwọn sẹ́ẹ̀lì ajagun ara bá sì ti fi TLR2 tàbí NOD2 (àwọn èròjà tí sẹ́ẹ̀lì fi ń dá bakitéríà mọ̀) dá a mọ̀, wọ́n á máa tú TNF àti IL-1 jáde, ìyẹn àwọn èròjà tó ń mú kí ara wú.

Àmọ́ eku Lewis, ìyẹn ìran eku láàbù kan, ni mo ń wí o. Abẹ́rẹ́ kan náà fẹ́rẹ̀ẹ́ má ṣe eku Fischer, ìran mìíràn, ní nǹkan kan, nítorí corticosterone (họ́mọ̀nù tó ń pẹ̀tù sí ara wíwú) tí ara rẹ̀ ń tú jáde pọ̀. Nígbà tí wọ́n fi oògùn RU 486 dí iṣẹ́ corticosterone yìí lọ́wọ́, àìsàn mú Fischer náà. Nítorí náà, ẹni tí àfọ́kù bá bá pàdé ṣe pàtàkì bí àfọ́kù fúnra rẹ̀.

Ìdí nìyẹn tí mi ò fi í yára dá bakitéríà Prevotella copri lẹ́bi, bí wọ́n tilẹ̀ rí i lọ́pọ̀ nínú ìfun àwọn tí làkúrègbé ṣẹ̀ṣẹ̀ mú. Ó lè jẹ́ àìsàn náà ló pe kòkòrò wá.

Kí ẹ tó fi èròjà kankan kan sẹ́ẹ̀lì, ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò bóyá endotoxin wà nínú rẹ̀, ìyẹn LPS, èròjà ara àwọn bakitéríà kan tó lè ru sẹ́ẹ̀lì sókè fúnra rẹ̀. Autoclave, ẹ̀rọ tó ń fi ooru omi gbígbóná pa kòkòrò, á pa bakitéríà, ṣùgbọ́n LPS rẹ̀ lè ṣẹ́ kù kó máa ṣiṣẹ́. Àwo gíláàsì àti ìgò, inú ààrò gbígbẹ ni kí ẹ fi wọ́n sí, ní 250°C, fún ìṣẹ́jú 30.