Ẹ̀yin Ọmọ Iṣẹ́ Fọ́tò, Ẹ Máa Wòkè Kí Ẹ Tó Tan Fláàṣì

Ọmọ iṣẹ́ mi kan gba òmìnira ní Adó-Èkìtì níbí láìpẹ́ yìí. Wọ́n gbàdúrà fún un tán, ó wá bi mí pé kí ni kí òun máa rántí jù níbi ìgbéyàwó. Ìdáhùn náà gùn ju ohun tí èèyàn lè sọ níbi àríyá lọ, ni mo ṣe kọ ọ́ fún òun àti gbogbo ẹ̀yin àbúrò.

N kò ní sọ ti bátìrì àti mẹ́mórì. Ẹni tó bá gbé bátìrì kan ṣoṣo lọ sóde ìyàwó kò tíì múra iṣẹ́.

Èkíní, ẹ mọ ètò ìdána. Ẹ lọ kí alága ìjókòó kó tó gba máìkì. Ẹ bi í ìgbà tí ẹbí ọkọ máa dọ̀bálẹ̀, ẹ bi í ibi tí ìyàwó máa dúró sí dé fìlà fún ọkọ rẹ̀. Wọn kì í ṣe é lẹ́ẹ̀mejì nítorí fọtógíráfà.

Èkejì ni ìmọ́lẹ̀, ibẹ̀ lọ̀rọ̀ mi wà.

Òfin kan ṣoṣo tí ọ̀gá mi fún wa lórí fláàṣì ni pé ká kọjú rẹ̀ sókè, kí ìmọ́lẹ̀ lu àjà kó tó bọ́ sójú èèyàn. Nínú gbọ̀ngàn tí àjà rẹ̀ funfun, òótọ́ ni, ojú á mọ́lẹ̀ dáadáa, òjìji ò sì ní le. Ìyókù ni kò sọ. Ó rán mi lọ sí ìdána kan ní Ìkẹ́rẹ́, nínú ọgbà ilé bàbá ìyàwó. Kánópì pupa àti búlúù ni wọ́n ta, ọ̀sán gangan, oòrùn ń ràn án. Mo pe ọ̀gá pé ṣé ká sún àga tọkọtaya síta díẹ̀. Ó ní kí n ṣe é bí òun ṣe kọ́ mi, kí n má sì ya RAW, ìyẹn fáìlì fọ́tò tí kámẹ́rà kò tíì tún ṣe, tó rọrùn láti tún àwọ̀ rẹ̀ ṣe lórí kọ̀ǹpútà, pé ó ń jẹ àyè mẹ́mórì.

Ẹ gbọ́ ohun tó jáde. Ìyàwó kúnlẹ̀, bàbá rẹ̀ gbọ́wọ́ lé e lórí gèlè, ó ń súre. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì ìyàwó pupa fòò, ọ̀tún búlúù, aṣọ òkè funfun di àlùkò. Eyín bàbá náà búlúù! Òrùlé kánópì ló da àwọ̀ rẹ̀ lé wọn lórí. Ká ní àwọ̀ kan ni, kọ̀ǹpútà ìbá tún un ṣe. Àmọ́ àwọ̀ méjì lójú ẹnìkan ṣoṣo, bí o bá tún apá kan ṣe, apá kejì á bàjẹ́ sí i.

Ọ̀gá tẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀. Ìyá ìyàwó ṣí álúbọ́ọ̀mù, ó pa á dé, ó ní, "Ta ló pa ojú ọmọ mi láró?" Ọ̀gá mi nawọ́ sí mi. Owó tí wọn ò san kún, ara owó oúnjẹ mi ló ti yọ ọ́. Ó ṣì ń dùn mí di òní. Ọ̀gá tó bá kọ́ ọmọ ní ààbọ̀ iṣẹ́, tó gba odidi ìsìn lọ́wọ́ rẹ̀, ó rẹ́ ọmọ náà jẹ. Ẹ̀yin tí ẹ máa gba ọmọ iṣẹ́ lọ́la, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe é sí ọmọ ọlọ́mọ.

Lónìí, láti Ìkọ̀lé dé Àkúrẹ́ ni wọ́n ti ń pè mí. Bí mo bá ti ń gba àsansílẹ̀ ni mo ti ń béèrè àwọ̀ kánópì. Funfun ni mo máa ń bẹ̀bẹ̀ fún. Bí wọ́n bá ti ta aláwọ̀ kí ẹ tó dé, ẹ sún àga wá sétí kánópì níbi tí ìmọ́lẹ̀ ìta ti ń wọlé, ẹ gbé fláàṣì sẹ́gbẹ̀ẹ́ pẹ̀lú agbòòrùn funfun, kó kọjú sí wọn, ẹ má kọjú rẹ̀ sókè rárá. RAW ni kí ẹ yà. Bí àwọn tó ṣe ẹ̀ṣọ́ bá bínú nítorí àga, ẹ ya ẹnìkan lábẹ́ kánópì, ẹ tún un yà létí rẹ̀, kí ẹ fi méjèèjì han ìyá ìyàwó. Òun fúnra rẹ̀ ló máa ní kí wọ́n sún un.