Ibà Ẹ̀fọn Ti Lọ Kí Ẹsẹ̀ Mi Tó Kọ̀

Ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ ibà Zika tí ẹ̀fọn ń kó ranni, ọ̀rọ̀ yín ni mo fẹ́ sọ. Tèmi ò le rárá: ara mi sú, ojú mi pọ́n, oríkèé ń ro mí fún ọjọ́ 5, ó tán. Lọ́jọ́ 9 lẹ́yìn náà, ó dà bíi pé eèrà ń rìn ní àtẹ́lẹsẹ̀ mi. Mo ní àárẹ̀ ni. (Ẹ má bú mi. Ta ni yóò rò pé ẹ̀fọn ló ń bá ẹsẹ̀ jà?) Mo lọ síbi ìtọ́jú kan, wọ́n fún mi ní oògùn ara ríro, wọ́n ní kí n máa lọ sinmi.

Lọ́jọ́ kejì, mi ò lè gun àtẹ̀gùn. Alẹ́ ọjọ́ kẹta ni mi ò lè gbàgbé. Òùngbẹ ń gbẹ mí. Ọwọ́ mi dé ara ife, ìka ò dì í mú. Omi dà sórí bẹ́ẹ̀dì, ó ṣàn wá sábẹ́ ẹ̀yìn mi, mo sì sùn sínú rẹ̀ torí mi ò lè yíra padà. Mo pe ìyàwó mi, ohùn ò jáde. Ojú mi ò pa dé mọ́. Mo tẹjú mọ́ àjà, mo ń ka èémí mi ní ọ̀kọ̀ọ̀kan títí ilẹ̀ fi mọ́.

Ní ọsibítù, dókítà fi òòlù kékeré lu orúnkún mi, ẹsẹ̀ ò mì. Ó ní kí n fa èémí kan ṣoṣo kí n fi ka nọ́ńbà. 11 ni mo dé. Guillain-Barré ni: àwọn ọmọ ogun ara tó yẹ kó bá kòkòrò àìsàn jà ló yíjú sí àwọn iṣan tó ń jíṣẹ́ ọpọlọ fún ara wa. Nígbà tí Zika jà ní French Polynesia, àwọn erékùṣù kan ní òkun Pàsífíìkì, ní 2013 sí 2014, ẹni 42 ni Guillain-Barré mú. Wọ́n fa immunoglobulin, èròjà ajàkòkòrò tí wọ́n yọ láti inú ẹ̀jẹ̀ àwọn ẹlòmíràn, sí mi lára fún ọjọ́ 5. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni mo rìn láìdi nǹkan mú.

Ẹ sọ fún dókítà pé ibà ti ṣe yín, bó tiẹ̀ ti lọ. Èmi ò sọ. Bí àìlera bá ń ti ẹsẹ̀ gòkè, ẹ má sùn lé e. Mo tún un sọ, ẹ má sùn lé e. Ẹ fa èémí kan, ẹ kà. Bí ẹ ò bá dé 20, ẹ sáré lọ sí ọsibítù lóru yẹn. Bí ẹ bá tiẹ̀ dé e, tí ẹsẹ̀ ṣì ń rọ, ẹ lọ náà.