Ẹ sọ èjìká sílẹ̀, ẹ̀yin onílù

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ń fi ìlù jẹun, mo rí yín níbi ìgbéyàwó kan ní Mọ́kọ́lá láìpẹ́ yìí. Ọwọ́ yín já fáfá, ṣùgbọ́n èjìká òsì gbogbo yín ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kan etí. Ohun mẹ́ta ni mo fẹ́ bá yín sọ.

Èkíní: okùn ló ń gbé ìyáàlù, ẹ má fi ọrùn gbé e. Èkejì: ẹ má sé èémí bí ẹ bá ń fún ọṣán, awọ tẹ́ẹ́rẹ́ tó yí ìlù ká. Ẹni tó kọ́ mi níṣẹ́ ní kí n di eyín pọ̀, kí n gbé èjìká sókè, kí ohùn òkè lè dún. Agbára ló ń pe ìyẹn! Ẹ̀kẹta á dúró ná, ẹ jẹ́ n sọ ti ìnáwó òkú àgbà kan ní Bódìjà.

A ti ń lù láti àárọ̀. Olóyè kan wọlé, mo yí sí i, mo ń kì í bọ̀ títí mo fi dé “nílé Olúyọ̀lé.” Ọwọ́ òsì mi ti kú, ọṣán kò fún mọ́. “Lú” àti “lé” tó yẹ kó ké sókè rọ̀ wọ̀ọ̀ bí ẹ̀bà tó mumi jù. Àwọn tó gbédè ìlù ń wojú ara wọn. Olóyè tó ti ti ọwọ́ bọ àpò fà á yọ lófìfo. Ọ̀gá gba ìlù léjìká mi lójú gbogbo ayé, ó ní ọ̀lẹ ni mí. Ẹni tó kọ́ mi bẹ́ẹ̀ náà ni o! Inú ṣì ń bí mi.

Ẹ̀gbọ́n kan tó kọ́ eré orí ìtàgé ló sọ ti F. M. Alexander fún mi, ará Ọsirélíà tí wọ́n bí ní 1869. Bó bá ń ké ewì lórí ìtàgé, ohùn a há. Bó bá sinmi, á yá. Bó bá padà síbẹ̀, á tún há. Ó wá dúró níwájú dígí, ó rí i pé bí òun bá ti fẹ́ lanu báyìí, òun a fa orí sẹ́yìn, a sì tẹ̀ ẹ́ mọ́ ọrùn. Kò tíì sọ̀rọ̀ rárá o. Ó kọ́ ara rẹ̀ láti jáwọ́ nínú rẹ̀ kó tó lanu, ìyẹn ló di ìlànà rẹ̀. Ní 1904 ó gbé e lọ sí London, wọ́n sì ń fi kọ́ olórin àti òṣèré dòní. Àwọn eléré ìje náà nílò rẹ̀: ẹ wo bí àgbọ̀n ẹni tí wọ́n ń lé bá ṣe máa ń le ní ìparí 400 mítà ní pápá Awólọ́wọ̀.

Ẹ̀kẹta náà rèé: kí ẹ tó gbé ìlù, ẹ fẹ̀yìn lélẹ̀ lórí ẹní, ẹ ká orúnkún sókè, ẹ fi ìwé méjì sábẹ́ orí fún ìṣẹ́jú 15. Lẹ́yìn náà, ẹ dúró níwájú dígí, ẹ gbé kọ̀ǹgọ́ bí ẹni fẹ́ lù, kí ẹ má lù. Bí èjìká bá gòkè, ẹ sọ ọwọ́ kalẹ̀, ẹ tún bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ọwọ́ bá ń kú yín lóru, ẹ gba ilé ìwòsàn lọ.

Bí ọ̀gá yín bá sì bá yín ní ìdùbúlẹ̀ tó ní ọ̀lẹ ni yín, ẹ ní èmi ni mo rán yín.